Níbo Ni Ìwọ̀n Ilé Ti Ń Bẹ̀rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Fi Àmì Ìdúró Sórí Sáìtì

Kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó wọ kòtò ìpìlẹ̀, ẹnì kan ti ní láti sọ ibi tí igun ilé máa wà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa rẹ́ ilé tán, kò sẹ́ni tó ń rí àmì tí onítọ̀hún fi sọ ọ́ mọ́. Síbẹ̀, bí táìlì bá ń fẹ̀ lápá kan yàrá tó ń tín-ín-rín lápá kejì, bí igi òrùlé kò bá bá orí ògiri mu, ìdí àmì yẹn la máa tọ ọ̀rọ̀ náà dé.

Èèkàn lásán yàtọ̀ sí àmì tí a lè gbójú lé. Èèkàn lásán ń sọ pé, “Ibí ni.” Àmì tí a lè gbójú lé ń sọ pé, “Ibí ni, bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì, ẹ wọ̀n mí láti ibi méjì mìíràn.” Irú kejì yìí ni àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní kọ́ńtíróòlù. Àmì ìdúró ni mo máa pè é níhìn-ín, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró nígbà tí katapílà, típà, òjò àti ẹsẹ̀ èèyàn bá ń da gbogbo ohun tó yí i ká rú.

Báwo ló ṣe yẹ ká fi àmì yìí sílẹ̀? Ìdáhùn kò ṣọ̀kan. Bíríkìlà ní tiẹ̀, awọnlẹ̀ ní tiẹ̀, ẹnjiníà ní tiẹ̀, ẹni tó sì ra ẹ̀rọ tó ń gba ìró láti ojú ọ̀run ní kí gbogbo wọn sinmi. Ilé gbígbé àti ilé alájà díẹ̀ tí a ń kọ́ ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti agbègbè wọn ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn yìí ti ń pàdé lórí ilẹ̀ kan náà, nígbà mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí

Gbogbo wọn gbà pé láti odidi ni a ti ń wá sí ẹ̀yà. Ẹni tó bá wọn yàrá kan, tó ti ibẹ̀ wọn èkejì, tó tún ti èkejì wọn ẹ̀kẹta, ń kó àṣìṣe jọ ni bí ẹni ń ṣẹ́gi jọ: ìdì náà á wúwo kó tó délé. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àmì díẹ̀ yí gbogbo ilẹ̀ náà ká, ká dán wọn wò títí ọkàn wa á fi balẹ̀, kí a tó ti ara wọn wọn igun ilé.

Àjọ ISO ti kọ èyí sílẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ ISO 4463-1 tó jáde ní 1989. Ó pín àmì sí ipele mẹ́ta: àwọn àgbà tó yí sáìtì ká, àwọn àárín tó tẹ̀ lé ìlà ilé, àti àwọn ojú ibi tí ògiri tàbí òpó máa dúró sí gan-an. Ipele kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tí ẹnu kò ti kò ni bí a ṣe máa bí àwọn àgbà yẹn.

Àwọn olókùn àti èèkàn

Èyí ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. A máa mú ìlà kan tó ti wà nílẹ̀, bóyá etí ọ̀nà, fẹ́ǹsì, tàbí ìlà tó so bíkìn méjì pọ̀, ìyẹn òpó kọ́ńkéré tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn. A wọn àlàfo tí ìjọba ní ká fi sílẹ̀, a kan èèkàn méjì, a sì na okùn láàárín wọn. Ìlà iwájú ilé nìyẹn. Láti orí rẹ̀ ni a ti ń yọ igun dígíríì 90 pẹ̀lú mẹ́ta-mẹ́rin-márùn-ún: mítà 3 lórí ìlà iwájú, mítà 4 lórí ìlà ẹ̀gbẹ́, bí ìlà tó so orí méjèèjì pọ̀ bá jẹ́ mítà 5 géérégé, igun náà gún.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé onígun mẹ́ta náà máa ń kéré jù. Bí ẹni tó mú téépù bá fi mìlímítà 5 ṣìnà níbi mítà 4, tí a sì fa ìlà yẹn lọ dé mítà 20, mìlímítà 25 ni igun ẹ̀yìn ilé fi máa yà kúrò lójú ibi tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń sọ ọ́ di ńlá. Fún ilé tó jẹ́ mítà 9 sí 12, ìlà ìdábùú rẹ̀ ni mítà 15, ìyẹn mẹ́ta-mẹ́rin-márùn-ún kan náà tí a fi mẹ́ta sọ di púpọ̀. Gbogbo ilé ló di onígun mẹ́ta, kò sí ibi tí àṣìṣe ti máa ráyè dàgbà.

Ohun kejì tó yẹ kí a là yé ara wa ni ìdánwò ìdábùú. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ìdábùú méjèèjì bá ti dọ́gba, ilé ti gún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iwájú ilé bá jẹ́ mítà 12, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 11.90, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ń pa wọlé lọ́nà kan náà, ìdábùú méjèèjì máa dọ́gba láìsí pé igun kankan nínú ilé náà pé dígíríì 90. Iwájú gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti òsì dọ́gba, kí ìdábùú náà sì dọ́gba pẹ̀lú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, a ò tíì dé ibi tá a ń lọ.

Lẹ́yìn èyí ni pírófáìlì, èyí tó sọ ọ̀nà yìí di ọ̀nà àmì ìdúró ní tòótọ́. Ẹ wo ọ̀kan dáadáa: igi méjì tí a rì mọ́lẹ̀, ó kéré tán mítà kan sẹ́yìn etí kòtò, pákó kan tí a fi ìṣó kàn dábùú wọn, tí orí rẹ̀ tẹ́jú. Ìṣó márùn-ún ló wà lórí pákó náà. Ti àárín dúró fún àárín ògiri. Ìṣó kan wà ní mìlímítà 112.5 ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó fi ojú méjèèjì ògiri búlọ́ọ̀kù 225 hàn. Méjì tó kù wà ní mìlímítà 337.5, ojú méjèèjì kòtò ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ ní mìlímítà 675. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo èèkàn igun ilé sì bá ìgbálẹ̀ lọ, okùn tí a bá tún nà láti pírófáìlì kan sí èkejì máa pàdé lójú igun náà gan-an. Òjé tó so rọ̀ lórí okùn máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kòtò. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an: igun náà kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò sọnù.

Agbára àwọn olókùn ni pé iṣẹ́ wọn hàn sí gbogbo ojú. Lébìrà tí kò kàwé lè rí i pé okùn ti kan búlọ́ọ̀kù. Owó tó ń ná wọn kéré, bátìrì kì í kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àìlera wọn pọ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí téépù kò ti lè nà tẹ́jú, àti lórí ilé tó gùn ju téépù lọ. Téépù fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláìṣẹ̀. Irin téépù onímítà 30 tí wọ́n ṣe fún ooru dígíríì 20 máa gùn sí i ní bíi mìlímítà 7 bí òrùn bá sọ ọ́ di dígíríì 40. Ti aláwọ̀ rọ́bà ń nà bí a bá ti fà á. Àìlera tó tóbi jù sì ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí fẹ́ǹsì aládùúgbò bá ti wọ́, ilé tuntun máa wọ́ tẹ̀ lé e, ó sì lè jẹ́ orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni yóò wọ́ sí.

Àwọn tó ń fa ìlà ìyá

Ẹgbẹ́ kejì kò fẹ́ gbára lé ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Wọ́n á fa ìlà kan síta ibi iṣẹ́, tó bá ògiri tó gùn jù nínú ilé rìn ní ìbádọ́gba, wọ́n á fún orí ìlà náà ní nọ́ńbà ipò tó wù wọ́n, bíi 1000.000 àti 5000.000. Nọ́ńbà méjèèjì yàtọ̀ síra kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan pe èkejì, wọ́n sì tóbi tó láti rí i pé kò sí ìkankan tó máa bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo. Láti orí ìlà ìyá yìí ni wọ́n ti ń fi tiodoláìtì (ẹ̀rọ tó ń wọn igun) tàbí total station (èyí tó ń wọn igun àti ọ̀nà jíjìn pọ̀) gbé àmì mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ yí sáìtì ká.

Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún ẹgbẹ́ yìí ni bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wọn wò. Igun kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, lójú òsì ẹ̀rọ àti lójú ọ̀tún rẹ̀, torí àbùkù ẹ̀rọ tó fi kún ti ọ̀kan ni yóò yọ kúrò nínú èkejì. Bí àmì mẹ́rin bá yí sáìtì ká, igun inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ dígíríì 360. Bí ó bá ṣẹ́ kù tàbí lé, wọ́n ti mọ iye àṣìṣe kí wọ́n tó kan èèkàn ilé kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń ṣìnà ní sẹ́kọ́ńdì 5 nínú igun máa yẹ̀ ní bíi mìlímítà 2.4 ní mítà 100, èyí tí bíríkìlà kò lè fi ojú rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ dáradára lè ṣe iṣẹ́ burúkú bí àmì tí a fi dojú rẹ̀ kọ ọ̀nà bá súnmọ́ jù. Ká ní mítà 10 péré ni àmì ẹ̀yìn wà sí wa, tí ẹni tó di ọ̀pá mú sì fi mìlímítà 5 yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Igun ilé tó wà ní mítà 60 ní iwájú máa yẹ̀ ní mìlímítà 30, ẹ̀rọ náà ò sì ní sọ nǹkan kan fún wa. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àmì tí a fi ń dojú ẹ̀rọ kọ ọ̀nà gbọ́dọ̀ jìnnà ju ibi tí a fẹ́ wọ̀n lọ.

Èrè ìlà ìyá ni pé mítà inú rẹ̀ jẹ́ mítà orí ilẹ̀ gan-an. Ohun tí ayàwòrán ilé kọ sórí pílánì ni téépù máa kà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó dá wà. Bí gbogbo àmì bá ṣègbé lọ́jọ́ kan, kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n kọ ibi tí 1000.000 wà sí. Bí wọ́n bá fẹ́ so ilé náà mọ́ ọ̀nà, ọ̀gbàrá tàbí ilé kejì tí ẹlòmíràn ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà méjèèjì kò ní mọ ara wọn. Òfin ilẹ̀ kò sì mọ ìlà ìyá. Pílánì ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ fọwọ́ sí ló mọ̀.

Àwọn tó ní ká so ó mọ́ nọ́ńbà ìjọba

Ibí ni iṣẹ́ ilé ti pàdé iṣẹ́ ààlà. Ọjọ́ pẹ́ tí ìwọnlẹ̀ ti ní gbòǹgbò lọ́dọ̀ wa: Herbert Macaulay ti ń ṣe é ní Èkó kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí sì ti wà láti 1908. Lórí pílánì ilẹ̀, bíkìn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ipò tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ìdíwọ̀n tí à ń pè ní Minna ni wọ́n gbé àwọn ipò náà lé. Ojúàmì L40 ní Minna ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ yìí ní kí a wá bíkìn ilẹ̀ náà, ká gbé ẹ̀rọ lé ọ̀kan, ká dojú kọ èkejì, kí a ti ibẹ̀ gbé àmì ìdúró sáìtì jáde. Ilé máa bọ́ sójú ibi tí òfin fún un. Bí àmì inú sáìtì bá sọnù, a máa padà síbi bíkìn. Ẹni tó bá wá kọ́ apá kejì lẹ́yìn ọdún 10 máa bá àmì kan náà. Ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ní irú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń dín agbára yìí kù.

Bíkìn fúnra rẹ̀ lè ti kúrò. Kọ́ńkéré tó sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 sí 18, tó gùn ní 75, ni. Katapílà lè tì í, òjò lè gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń jà sílẹ̀ sì lè hú u lóru. Kò sí bíkìn tó yẹ kí a gbà gbọ́ ní òun nìkan. Ká wọn láti ọ̀kan dé èkejì, dé ẹ̀kẹta, ká fi wé ohun tó wà lórí pílánì.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ààlà kò nílò ìwọ̀n tó le bíi ti òpó irin. Bí a bá gba ìyàtọ̀ ìdá kan nínú 5,000 láàyè nínú iṣẹ́ ààlà, sẹ̀ǹtímítà 2 nìyẹn nínú mítà 100. Onílẹ̀ ò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Àmọ́ ìṣó ńlá tí a rì sínú kọ́ńkéré kí ẹsẹ̀ òpó irin lè wọ̀ ọ́ kò lè gba sẹ̀ǹtímítà 2.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ta ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́sẹ̀: mítà orí máàpù kì í ṣe mítà orí ilẹ̀. Nínú ìdíwọ̀n UTM, tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà ipò orí máàpù, wọ́n fi 0.9996 sọ ìwọ̀n di kékeré lójú ìlà àárín, ìlà àárín ti apá ibi tiwa sì ni dígíríì 3 ní ìlà-oòrùn, tí kò jìnnà sí Èkó. Nítorí náà, mítà 100 orí ilẹ̀ ní Èkó máa kéré ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4 nínú nọ́ńbà ipò. Bí ẹnì kan bá ti inú nọ́ńbà ipò ṣírò ilé onímítà 30 láìtún un ṣe, bíi mìlímítà 11 ni ilé náà fi máa gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bíríkìlà tó mú téépù tirẹ̀ wá máa rò pé awọnlẹ̀ ló ṣìnà, awọnlẹ̀ máa rò pé téépù ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ewu mìíràn tún wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdíwọ̀n Minna àti WGS84 tí ẹ̀rọ ojú ọ̀run ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ọ̀kan wá ibì kan lórí èkejì láìyí i padà lè fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà ṣìnà, èyí tó tó láti bọ́ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn pátápátá.

Àwọn tó ní ibi tó wù wá la máa dúró sí

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà láàárín àwọn onítotal station tí kì í gbé ẹ̀rọ lé orí àmì rárá. Wọ́n á gbé e síbi tí wọ́n ti rí iṣẹ́ dáadáa, wọ́n á wo àmì méjì tàbí mẹ́ta tó wà lára ògiri tàbí òpó tó yí sáìtì ká, ẹ̀rọ á sì ṣírò ibi tó dúró sí. Lórí sáìtì tó há, tí gbogbo ilẹ̀ ti di kòtò, ọ̀nà yìí ń gbani là, torí pé lẹ́bẹ́ẹ̀lì tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ típà.

Kò yẹ kí àwọn àmì náà pọ̀ sápá kan. Bí a bá ń fi igun nìkan ṣe é láti ara àmì mẹ́ta, òbìrìkìtì kan wà tó gba orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Bí ẹ̀rọ bá dúró lórí òbìrìkìtì yẹn, kò sí ìṣirò tó lè sọ ibi tó wà. Ẹ̀rọ òde òní tó ń wọn ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú igun ti dín ewu yìí kù, kò pa á rẹ́. Ògiri tí wọ́n lẹ àmì mọ́ náà lè rì bí kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jìn.

Àwọn tó ní ojú ọ̀run ti tó

Ẹ̀rọ RTK ń gba ìró sátẹ́láìtì, ó sì ń gba àtúnṣe láti ẹ̀rọ kejì tó dúró sójú kan. Ohun tí àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń kọ sára rẹ̀ ni mìlímítà 8 ní ìbú àti òró, 15 ní gíga, pẹ̀lú mìlímítà kan fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó bá wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà awọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ náà ti gbé àwọn ibùdó tó ń gba ìró yìí tọ̀sán-tòru kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NIGNET. Èrò àwọn ẹgbẹ́ yìí ni pé, bí a bá lè mọ ibi tí a wà nígbàkigbà, kí la fẹ́ fi èèkàn ṣe?

Fún ọ̀nà, fún ilẹ̀ gbígbẹ́ àti kíkún, fún ilẹ̀ gbọọrọ tí a fẹ́ pín sí púlọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èèyàn kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní òwúrọ̀ kan. Ṣùgbọ́n mìlímítà 8 yẹn kì í ṣe òpin àṣìṣe. Ìwọ̀n ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni, ìlọ́po méjì rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Láàárín ilé gíga, lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì páànù, ìró náà máa ń ta lára nǹkan kó tó dé, ẹ̀rọ á sì fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tiwa tún wà nítòsí ìlà tó pín agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé sí méjì, níbi tí òfuurufú òkè ti máa ń ru, pàápàá lẹ́yìn tí òòrùn bá wọ̀. Iṣẹ́ tí a bá ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí ní òwúrọ̀.

Bí mo ṣe wò ó, ibi tí RTK ti wúlò jù fún ilé ni kíkó nọ́ńbà ìjọba wá sórí àmì méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra, ní wákàtí tó yàtọ̀. Láti ibẹ̀ kí total station gba iṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ fi í kan igun ògiri kọ̀ọ̀kan ń béèrè ohun tí kò ní.

Ọ̀rọ̀ gíga

Gíga ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Àwọn bíríkìlà ń lo hóòsì tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n rọ omi sí: ibi tí omi bá dúró sí lẹ́nu kan ló dúró sí lẹ́nu kejì. Ó ń gba inú yàrá, ó ń yí igun ká, kò sì béèrè pé kí ibi méjèèjì rí ara wọn. Ọ̀tá rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó há sínú hóòsì. Bí ìfófòó kan bá wà níbẹ̀, omi á purọ́. Kí a gbé ẹnu méjèèjì pọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí a bá parí. Bí omi kò bá ṣe rẹ́gí, ká tú u dànù.

Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fi nọ́ńbà sílẹ̀. Bí àmì gíga wa bá jẹ́ 100.000, tí ọ̀pá tó wà lórí rẹ̀ kà 1.425, ojú ẹ̀rọ wà ní 101.425. Bí a bá fẹ́ kí orí ilẹ̀ ilé wà ní 100.150, ibi tí ọ̀pá bá ti ka 1.275 ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú ẹ̀rọ lè máa wo òkè tàbí ìsàlẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá dúró ní àárín gbùngbùn ibi méjèèjì, àbùkù náà máa pa ara rẹ̀. Ayé tó rí róbótó kò ba nǹkan jẹ́ níbí. Kò tó mìlímítà kan ní mítà 100.

Ìbéèrè tó le jù ni èyí tó jẹ mọ́ omi. Gíga tí RTK ń fúnni kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Ní Èkó, ìyàtọ̀ méjèèjì lé ní mítà 20. Fún ilé kan ṣoṣo, 100.000 tí a fúnra wa yàn ti tó. Fún àdúgbò tí ọ̀gbàrá gbọ́dọ̀ ti ilé kan ṣàn dé ọ̀dọ̀ èkejì, kò tó rárá.

Bí a ṣe ń rì í mọ́lẹ̀

Kò sí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé òun ni a ń fojú kéré jù. Ọ̀pá irin mìlímítà 12 tàbí 16 tí a gbá wọlẹ̀ títí kò fi mì mọ́, kọ́ńkéré tí a dà yí i ká, ojú àmì tí a fi ayùn irin gé ní àgbélébùú tín-ín-rín sórí rẹ̀. Pákó mẹ́ta tí a kàn yí i ká, tí a kùn ní ọ̀dà pupa, kí awakọ̀ típà lè rí i. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ àti nínú ìwé, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ sí ohun mẹ́ta tí kì í rìn, bí igun fẹ́ǹsì, òpó iná tàbí ẹnu ọ̀nà ilé kejì.

Ilẹ̀ náà ní ohùn tirẹ̀. Ní Abẹ́òkúta àti apá kan Ìbàdàn, àpáta yọ sókè; a kàn lè gbẹ́ àgbélébùú sára rẹ̀, kò sì sí àmì tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ní etí ọ̀sà, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún, ohun tí a rì mọ́lẹ̀ máa bá ilẹ̀ rì. Ibẹ̀, àmì tó wà lórí ilé àtijọ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn dára ju èyí tó wà nínú yanrìn tuntun lọ.

Àwọn kan ní àmì mẹ́rin tó. Àwọn mìíràn ní kí a fi méjì ìpamọ́ kún un, síta ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè dé. Èmi wà pẹ̀lú àwọn ti ìpamọ́. Àmì kan tó bá lọ nínú mẹ́rin kò pa iṣẹ́ run, ṣùgbọ́n bí méjì bá lọ, kò sí ẹlẹ́rìí tó lè tú àwọn méjì tó kù wò.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ta ló ni àmì náà? Awọnlẹ̀ gbé e sílẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Agbaṣẹ́ṣe gbà á, lébìrà tú u. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn iṣẹ́ kò sọ ẹni tó máa san owó àtúnṣe, kò sì sọ ìgbà tó yẹ kí a tún dán an wò. Àwọn kan ní lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, àwọn kan ní kí iṣẹ́ àjà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀.

Iye àyè tó yẹ kí a fún àṣìṣe lórí ilé kékeré náà ṣì jẹ́ àríyànjiyàn. Ìwé ìlànà tí wọ́n kọ fún òpó irin àti gílàsì le jù fún ògiri búlọ́ọ̀kù tí a máa rẹ́. Ṣùgbọ́n “ojú ti gbà á” kì í ṣe ìwọ̀n.

Lórí nọ́ńbà ipò, ọ̀pọ̀ pílánì ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé ṣì wà lórí Minna nígbà tí ẹ̀rọ tuntun ń sọ WGS84. Bí a bá yí ọ̀kan padà sí èkejì pẹ̀lú òǹkà mẹ́ta tí wọ́n ń lò káàkiri, àṣìṣe tó ṣẹ́ kù lè tóbi ju fífẹ̀ fẹ́ǹsì lọ, ibi kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ṣé bíkìn tó wà nínú ilẹ̀ ni kí a gbà, àbí nọ́ńbà tó wà lórí ìwé, bí méjèèjì kò bá mu?

Lórí ilẹ̀ etí ọ̀sà tí gbogbo rẹ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ilé àti àmì orí rẹ̀, a kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí a máa pè ní ibi tó dúró, èyí tí a lè fi wọ̀n bí ìyókù ṣe ń lọ sísàlẹ̀.